Ìlà tẹlifóònù Nàìjíríà àti ti Ghana: èwo ni kí oníṣòwò máa lò?

Aládìrẹ, Gbági:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, mo kí yín o. Àdìrẹ ni mo ń tà ní ọjà Gbági, n'Ìbàdàn níbí. Àwọn oníbàárà mi ní Accra ti pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi fẹ́ rán àbúrò mi ọkùnrin lọ síbẹ̀ láti ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan. Láti ìgbà tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, ti fọwọ́ sí i ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 pé owó ìpè àti dátà lè gòkè dé ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún, ni mo ti ń kọ gbogbo owó káàdì tí mo bá rà sínú ìwé kan. Ní oṣù tó kọjá, ìpè 31 ni mo pe sí Ghana, owó wọn sì ju ti gbogbo ìpè tí mo pe láàárín Nàìjíríà lọ. Mo béèrè iye tí wọ́n ń gbà ní ìṣẹ́jú kan lọ́hùn-ún, mo sọ sídì di náírà, ó jọ pé tiwọn wọ́n. Nígbà tí pàṣípààrọ̀ yí lọ́sẹ̀ kejì, ìṣirò mi náà yí. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ó yẹ kí n máa fi wé ara wọn gan-an?

Oníṣirò owó, Bódìjà:
Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Owó orí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Níbí, VAT 7.5% ni ó wà lórí owó ìpè. Ní Ghana, VAT jẹ́ 15%, NHIL (owó ìlera) 2.5%, GETFund (owó ẹ̀kọ́) 2.5%, lẹ́yìn náà ni owó orí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìbánisọ̀rọ̀ nìkan, tí wọ́n ń pè ní CST: 6% ni nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, ó di 9% ní 2019, ó sì wálẹ̀ sí 5% ní 2020. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá dá iye kan fún yín, ẹ bi í bóyá owó orí ti wà nínú rẹ̀.

Ará Mókólá tó ti gbé Accra rí:
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Ní 2019 tí CST gòkè yẹn, mo máa ń ra káàdì, kí n tó pe ẹnikẹ́ni, wọ́n ti yọ CST nínú owó rẹ̀. Ìjọba ló wá pàṣẹ pé kí wọ́n yé yọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n Màmá, ohun tó ń jẹ owó yín kò sí nínú owó ìṣẹ́jú tí ẹ ń ṣírò. Ààlà tí ìpè ń kọjá ni. Iléeṣẹ́ tó bá gba ìpè wọlé láti òkè òkun ló ń bu owó lé èyí tó gbé e wá. Òfin tí Ghana ṣe ní 2009 gbé tiwọn dé sẹ́ǹtì 19 owó Amẹ́ríkà ní ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí NCC dá ti Nàìjíríà ní oṣù kìn-ín-ní 2022, sẹ́ǹtì 4.5 ni wọ́n fi sí. Ẹ wá rò ó: oníbàárà Accra tó rí 234, àmì ìlà Nàìjíríà, níwájú nọ́ńbà yín kò ní pè, fláàṣì ni yóò fi ránṣẹ́, ẹ̀yin ni ẹ ó sì pè é padà. Ẹ jẹ́ kí àbúrò yín ní ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 233 ti Ghana, kí àwọn oníbàárà lè máa pè é bí aládùúgbò. Kí ẹ̀yin méjèèjì sì máa bá ara yín sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp.

Bàbá oníṣòwò, Ọjà-Ọba:
Kí ẹ má gbàgbé láti béèrè ọjọ́ tí dátà olóṣooṣù yóò parí. Èyí tó pọ̀ tó sì kú kí ẹ tó lò ó tán, ó wọ́n ju èyí tó kéré lọ.

Aládìrẹ, Gbági:
Mo dúpẹ́ o. Mo padà sídìí ìwé mi. Nínú ìpè 31 yẹn, 22 ni mo fi bá arábìnrin tó ń bá mi gba ẹrù ní Accra sọ̀rọ̀, èyí tó gùn jù nínú wọn sì jẹ́ lórí àwọ̀ aró kan tí fọ́tò kan ṣoṣo ì bá ti yanjú. Orí WhatsApp ni gbogbo ìyẹn yóò bọ́ sí báyìí. Àwọn 9 tó kù, oníbàárà tó fláàṣì ni mo pè padà. Àbúrò mi ní ọ̀la ni òun yóò béèrè ohun tí wọ́n máa ń gbà lọ́wọ́ àjòjì kí wọ́n tó forúkọ síìmù rẹ̀ sílẹ̀.