Ẹ bá mi rántí Bàbá Ọlọ́pàá

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá wa ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìntì ti sùn o, èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìtàn ayé wọn, kí lẹ rántí?

Ọmọ Ṣọ́ọ̀ṣì: Háà, Bàbá! Ọdún 35 gbáko nínú yunifọ́ọ̀mù dúdú, síbẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń gùn wá sí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi torí wọn ò gba rìbá, àwọn ẹgbẹ́ wọn wá ń pè wọ́n ní Pásítọ̀ ní téṣàn.

Ìyá Ìbejì: Ìjà èmi àti baálé mi, pálọ̀ wọn ló parí sí. Àmọ́ ohùn wọn nínú kwáyà, ẹ jọ̀ọ́ 😂

Ẹ ṣé, ti kwáyà yẹn mi ò ní kọ ọ́ o.