Àmì ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni àrokò

Ẹ̀yin ará,

Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí á máa pe ohun tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní sīmiyāʾiyya, ẹ̀kọ́ nípa àmì àti ìtumọ̀ wọn, ní "ìmọ̀ àrokò", kí gbogbo àwòrán inú ewì wọn tòde òní sì máa jẹ́ àrokò. Mi ò fara mọ́ ọn. Àrokò ní ẹni tó fi ránṣẹ́, ó ní ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí, àwọn méjèèjì sì ti mọ ohun tó ń wí. Ta ló rán èéfín? Síbẹ̀, bí a bá ti rí i, a mọ̀ pé iná ń bẹ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí "ìmọ̀ àmì" jẹ́ orúkọ gbogbo rẹ̀: "àfijọ" fún àmì tó jọ nǹkan, "atọ́ka" fún èyí tí nǹkan náà fúnra rẹ̀ fà, "àrokò" fún ramz nìkan, ìyẹn àmì tí àwọn ènìyàn jọ fohùn ṣọ̀kan lórí ìtumọ̀ rẹ̀.

Ẹ wo ewì òjò tí Badr Shakir al-Sayyab, akéwì ará Ìráàkì, gbé jáde ní 1954. Ìlà àkọ́kọ́ pe ojú obìnrin ní igbó nakhīl (igi dàbínù) méjì lásìkò saḥar (ìparí òru, kí ilẹ̀ tó mọ́). Àfijọ nìyẹn. Ẹni tó bá túmọ̀ nakhīl sí "ọ̀pẹ" ti bà á jẹ́, torí ọ̀pẹ tiwa á kó màrìwò, ẹmu àti ikin wọlé, bẹ́ẹ̀ dàbínù ló kún Jaykur, abúlé akéwì nítòsí Basra. "Igbó dàbínù" ló tọ́. Saḥar kò le rárá: gbòǹgbò kan náà ló bí sààrì tí à ń jí jẹ nínú ààwẹ̀. "Àsìkò sààrì" ṣì ní òkùnkùn díẹ̀ nínú. "Òwúrọ̀" ti mọ́ jù.

Maṭar, ìyẹn òjò, ló ṣòro. Nínú Kùránì, òjò ìyà ni maṭar sábà máa ń jẹ́, ghayth ni ti àánú. Maṭar ni akéwì mú, ó ń pè é lápètúnpè, ó sì ní kò sí ọdún tí ebi kò sí ní Ìráàkì. "Òjò" lásán ni kí olùtumọ̀ kọ, kó má fi "ìbùkún" tì í lẹ́yìn.

Ibi tí mo ti gba àrokò ni ìpè tí akéwì pe omi Khalīj, òkun tó wà ní gúúsù Ìráàkì: ìwọ tó ń fúnni ní péálì, ìkarahun àti ikú. Gbohùngbohùn dáhùn, ìkarahun àti ikú nìkan ló padà wá. Atọ́ka ni gbohùngbohùn fúnra rẹ̀. Péálì tí akéwì yọ kúrò níbẹ̀ ló sọ ọ́ di àrokò. Ẹyọ owó mẹ́fà lórí okùn, "mo fà mọ́ ọ" ni. Ẹ yọ ẹyọ kan níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yí padà.