Ewé ìsọ̀yè àti oògùn ìgbàgbé: ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn, àti ibi tó ti ń dàrú

Apoògùn, Àjàṣẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àwọn tó ní òbí tó ti ń ṣarán máa ń béèrè bóyá ewé tí lẹ́kulẹ́ja dì fún wọn lè bá oògùn tí dókítà kọ lọ. Kí ẹ tó dáhùn, ẹ rántí pé ewéko ni orírun méjì nínú oògùn dókítà náà. Galantamine, ara òdòdó funfun kan tí wọ́n ń pè ní snowdrop ni wọ́n ti yọ ọ́ tó fi di oògùn ní Bulgaria, láàárín ọdún 1950 sí 1960. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2001 fún Alzheimer, àrùn ọpọlọ tó ń fa ìgbàgbé fún àwọn àgbà. Rivastigmine ní tirẹ̀, physostigmine inú ẹ̀wà Kàlàbá ni wọ́n wò ṣe é. Ẹ̀wà yìí ni àwọn Ẹ̀fíìkì ń pè ní esere, òun ni wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn jẹ láyé àtijọ́. Ohun tó ń pani nínú rẹ̀ gan-an ni wọ́n tẹ̀lé dé ibi oògùn.

Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní acetylcholine ni ọpọlọ máa ń rán níṣẹ́ tó bá fẹ́ rántí nǹkan. Enzyme kan wà tó ń jẹ ẹ́ run kété tó bá jíṣẹ́ tán. Oògùn méjèèjì ń di enzyme náà lọ́wọ́, kí ìránṣẹ́ náà lè pẹ́ díẹ̀ sí i. Wọn kì í wo àrùn náà sàn. Wọ́n lè ran ẹlòmíì lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, ẹlòmíì kò sì ní rí ìyàtọ̀ kankan.

Nọ́ọ̀sì, Ṣábẹ̀ẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Orí ìwọ̀n ni ilé ti ń dàrú jù. Galantamine tó ń tú díẹ̀díẹ̀ nínú ara, 8 mg ni láàárọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, ọ̀sẹ̀ 4 gbáko, kó tó di 16 mg. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4 mìíràn, dókítà lè gbé e dé 24 mg tí ara bá gbà á. Ẹni tí kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò ṣe dáadáa, kò gbọdọ̀ kọjá 16 mg. Tó bá burú gan-an, kò yẹ kó lò ó rárá.

Ibi tí aburú ti ń wọlé nìyí: oògùn á tán, wọ́n á dúró ọ̀sẹ̀ kan kówó tó dé, wọ́n á wá padà sórí 16 mg bí ẹni pé kò sí nǹkan. Èébì á gbé àgbàlagbà dè, kò ní jẹun, ara rẹ̀ á fọn. Tó bá ti lé ní ọjọ́ 3 tí kò lò ó, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀, 8 mg ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ padà. Ẹ sì máa gbé àgbàlagbà náà sórí òṣùwọ̀n lóṣooṣù. Kí ẹ tó fún un ní oògùn, ẹ fi ìka méjì tẹ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ níhà àtàǹpàkò, kí ẹ ka bí iṣan ṣe ń lù fún ìṣẹ́jú 1. Tí kò bá pé 60, tàbí tí òòyì ń kọ́ ọ, ẹ pe dókítà ná. Ẹ túbọ̀ ṣọ́ ẹni tó ń lo atenolol tàbí propranolol nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, torí oògùn wọ̀nyẹn náà ń dín ìlù ọkàn kù.

Lẹ́kulẹ́ja, Kétu

Ẹ kúuṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ má kó gbogbo ewé sínú àpò kan ṣoṣo ṣá. Ewé ìyeyè wà lára àwọn ewé ìsọ̀yè, ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ pé "ìkúnwọ́ mẹ́ta" gbọ́dọ̀ sọ bóyá tútù ni tàbí gbígbẹ. Omi ló pọ̀ jù nínú ewé tútù, nítorí náà agbára ìkúnwọ́ kan ewé gbígbẹ ju ti ìkúnwọ́ kan ewé tútù lọ fíìfíì. Òṣùwọ̀n kékeré tó ń ka gíráàmù kò wọ́n mọ́, ẹ rà á.

Abẹ́ òjìji ni kí ẹ sá a sí, kí ó tẹ́ lórí ẹní, kí ẹ máa yí i láàárọ̀ àti lálẹ́. Tí igi ewé bá ṣì ń tẹ̀ láìdá, kò tíì gbẹ. Ẹ fi sí etí, ẹ ṣẹ́ ẹ: tó bá dún "pá", ó ti gbẹ nìyẹn. Ẹni tó bá dì í sínú ọ̀rá kó tó gbẹ á bá funfun lára rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Kí ó dà á nù. Kó má gbọ̀n ọ́n kó tún tà á.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni gẹ́gẹ́mu, tí àwọn mìíràn ń pè ní apikán. Ewé rẹ̀ jọ ti ìgbá (ìkàn), torí ìdílé kan náà ni wọ́n. Òdòdó rẹ̀ gùn bí fèrè, èso rẹ̀ rí ṣóńṣó-ṣóńṣó káàkiri. Kò gbọdọ̀ wọ inú àgbo ìsọ̀yè rárá.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ewéko, Àjàṣẹ́

Ìyá, òótọ́ lẹ sọ, ohun tó wà nínú gẹ́gẹ́mu sì tan mọ́ ọ̀rọ̀ yìí tààrà. Scopolamine àti atropine ló wà níbẹ̀, wọ́n ń dí acetylcholine lọ́nà. Ẹnu á gbẹ, ẹyinjú dúdú á fẹ̀, ara á gbóná láìlàágùn, ọkàn á máa sáré, ẹni náà á máa sọ ìsọkúsọ, á máa ṣa nǹkan tí kò sí nínú afẹ́fẹ́. Ti ẹ̀wà Kàlàbá ni òdìkejì: itọ́ á máa dà, òógùn á bo ara, ẹyinjú á kéré, ọkàn á rọra, mímí á sì dúró.

Ní yàrá àyẹ̀wò, scopolamine ni wọ́n sábà máa ń fún èkúté kó lè gbàgbé ọ̀nà, wọ́n á sì fún un ní omi ewé. Tó bá rántí ọ̀nà, wọ́n á kọ ọ́ pé ewé náà ń dá iyè padà. Ohun tí wọ́n rí kò ju pé ewé náà ran èkúté lọ́wọ́ lòdì sí scopolamine. Ọpọlọ èkúté yẹn kò kú. Ti ẹni tó ní Alzheimer ti ń kú. Bákan náà ni ìyeyè: wọ́n ti dán an wò nínú ìgò ní Nàìjíríà, ó sì di enzyme yẹn lọ́wọ́. Àmọ́ inú ìgò kò ní ikùn, kò ní ẹ̀dọ̀ tó ń fọ́ nǹkan, kò sì ní ògiri tó ń yan ohun tó lè wọ ọpọlọ.

Ginkgo náà rèé, ewé igi kan láti ilẹ̀ Ṣáínà tí wọ́n ń tà fún ìrántí, wọ́n dán an wò ní Amẹ́ríkà lára àwọn àgbà tó lé ní 3,000, tí wọ́n ti pé 75 sókè, 120 mg lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Àbájáde jáde ní 2008: kò dènà ìgbàgbé.

Apoògùn, Àjàṣẹ́

Mo fara mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: promethazine tí àwọn kan ń rà fún oorun tàbí ara yíyún ń dí acetylcholine lọ́nà bíi ti gẹ́gẹ́mu. Ẹni tó ń fún ìyá rẹ̀ ní galantamine láàárọ̀, tó tún ń fún un ní promethazine lálẹ́, fa okùn kan náà síhà méjì. Ẹ kó gbogbo oògùn àti àgbo inú ilé sínú àpò kan lọ bá dókítà. Ẹ má sì rẹ egbò igi sínú sódábì (ògógóró) fún ẹni tó ń gbàgbé, ọtí fúnra rẹ̀ ń ba iyè jẹ́. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó pè é ní àrùn àgbà: àìtó fítámìn B12 àti kókó ọrùn (thyroid) tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa lè fa ìgbàgbé, wọ́n sì ní ìtọ́jú.

Nọ́ọ̀sì, Ṣábẹ̀ẹ́

Ní ti rivastigmine tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara: 4.6 mg fún wákàtí 24 ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣí ti àná kúrò kí ẹ tó lẹ tuntun. Lílẹ méjì papọ̀ ti ṣe àwọn ènìyàn léṣe gan-an. Ẹ̀yìn lókè ló dára jù, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní tó láti yọ ọ́, lórí awọ tó mọ́ tó sì gbẹ, láìfi ìpara pa á. Ẹ má padà sí ojú ibi kan náà fún ọjọ́ 14. Ẹ fi ọjọ́ kọ ọ́ sórí kàlẹ́ńdà ara ògiri. Èyí tí ẹ ṣí, ẹ ká a sí méjì kí ẹ̀gbẹ́ tó ń lẹ̀ mọ́ra wọn, ẹ jù ú síbi tí ọmọdé kò ní rí i, kí ẹ sì fọ ọwọ́ yín kí ẹ tó fi kan ojú.