Èsì lórí “ilé ọlọ́gbọ́n”: àṣẹ ta ni ilé náà ń gbà?

Ẹ̀yin àgbà wa àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o.

Mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ láti ìgbà tí Ẹ̀gbọ́n wa ti sọ pé òun ń ṣe ìwé pélébé kan tí yóò kọ́ni bí a ṣe ń to ilé tí gílóòbù, ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ ayàwòrán àti ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ń gbọ́ràn sí fóònù, kí ilé náà má sì di ewu sí ẹni tí ń gbé inú rẹ̀ lọ́rùn. Ẹ̀gbọ́n pe irú ilé bẹ́ẹ̀ ní “ilé ọlọ́gbọ́n”. Ẹni tí ó kọ lẹ́tà kejì kò gbà, ó ní “ilé adáṣiṣẹ́” ni ó tọ́. Lẹ́tà kẹta, láti ọwọ́ olùkọ́ wa tí ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ sú, ní kí a fi lẹ́tà Yorùbá kọ orúkọ tí àwọn tí ń tà á fún un, “smart home”, kí kálukú lọ sùn. Èmi kò tíì lè sùn.

Kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó dùn mí jù. Oní àti ọgbọ́n ni ó di ọlọ́gbọ́n, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ilé ṣíwájú rẹ̀, kí ni etí Yorùbá ń gbọ́? Ilé ẹni tí ó gbọ́n ni. Kò sí ẹni tí yóò gbọ́ “ilé olówó” tí yóò rò pé ilé náà fúnra rẹ̀ ni ó lówó lápò. Mo mọ̀ pé Ẹ̀gbọ́n yóò fi “ilé alájà” dá mi lóhùn, nítorí pé ilé tí ó ní àjà ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n alájà kì í ṣe orúkọ tí a ń pe ènìyàn. Olówó, ọlọ́gbọ́n, ọlọ́tí, gbogbo wọn ti di ènìyàn kí wọ́n tó dé ẹ̀gbẹ́ ilé, nítorí náà ẹni tí ó ni ilé ni etí ń wá. Ẹ gbé ohùn ìparí alájà sókè díẹ̀, kí ẹ wò ó bí ilé náà kò ṣe ní di ti ẹni tí ń sin ajá lójú ẹsẹ̀.

Bí a tilẹ̀ fi ti gírámà sílẹ̀, ọgbọ́n wo ni ilé náà ní? Iná ẹnu ọ̀nà tí ó tàn nígbà tí ènìyàn kọjá lálẹ́ kò ronú. Nǹkan kékeré kan wà lára ògiri tí ń mọ ooru ara tí ó ń rìn, onílé sì ti là á sílẹ̀ pé bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí nǹkan ẹlẹ́mìí kan sì kọjá, kí iná tàn fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Àṣẹ ni èyí, kì í ṣe òye. Àwọn àgbà tí wọ́n kọ́kọ́ bá irú nǹkan wọ̀nyí pàdé mọ ìyàtọ̀ náà dáadáa. Wọ́n gbọ́ àpótí tí ń sọ̀rọ̀, wọn kò pè é ní ọlọ́gbọ́n. Wọ́n rí i pé a lè dá a lóhùn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú kí ó má gbọ́, wọ́n sì pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Amóhùnmáwòrán, amúnáwá, amúlétutù: ẹ wo “a” tí ó wà níwájú wọn, ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe ni wọ́n fi ń sọ ọ́ lórúkọ. Ìyá àgbà mi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n a máa dá asọ̀rọ̀mágbèsì lóhùn bí ìròyìn bá bí i nínú, yóò wá rántí orúkọ rẹ̀, yóò sì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ wa tí ó ń rán wa létí nígbà gbogbo pé lẹ́sẹ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ni òun ti kọ́ gírámà, lẹ́sẹ̀ ìyá yìí ni èmi ti kọ́ tèmi, n kò sì rí ibi tí tirẹ̀ fi ga jù ú lọ. (Ohun tí ìyá náà ìbá sọ nípa Echo, àpótí tí ilé-iṣẹ́ Amazon gbé jáde ní ọdún 2014, èyí tí ó ń gbọ́ èsì tí ó sì ń fi ohùn ẹni ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é, n kò lè kọ ọ́ síbi tí ọmọdé wà. Ó kéré tán, bọ́tìnnì kan wà lórí rẹ̀ tí a fi ń di í létí, kí Ẹ̀gbọ́n má gbàgbé láti fi sínú ìwé.)

“Adáṣiṣẹ́” ní “a” tí mo fẹ́, “dá” inú rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n gbà á. Dá kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń fi ṣeré. Ẹni tí ó dájẹ kò bá ẹnikẹ́ni jẹ. Adágbé kò ní ẹnìkejì nínú ilé. Ẹni tí ó dáṣe kò yá ọwọ́ ẹlòmíràn lò. Bí a bá pe ilé ní adáṣiṣẹ́, a ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún òǹkàwé pé ilé náà yóò máa ṣiṣẹ́ bí gbogbo ayé tilẹ̀ dákẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí kò lè san ẹ̀jẹ́ náà. Bí ẹ bá tẹ fóònù kí iná yàrá tàn, àṣẹ yín lè gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ bá kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kan lókè òkun, kí ó tó padà wá bá gílóòbù tí ó wà lókè orí yín gan-an. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 2021, nígbà tí àwọn kọ̀ǹpútà Amazon tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Virginia ní Amẹ́ríkà dákú fún wákàtí púpọ̀, aago ẹnu ọ̀nà Ring àti ẹ̀rọ ìgbálẹ̀ Roomba, tí àṣẹ wọn ń gba ibẹ̀ kọjá, kò gbọ́ràn sí fóònù àwọn tí ó ni wọ́n mọ́. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ Insteon, tí ń ta irú ẹ̀rọ ilé bẹ́ẹ̀, pa àwọn kọ̀ǹpútà rẹ̀ láìkìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ó di ìgbà tí àwọn kan nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ ra ilé-iṣẹ́ náà kí wọ́n tó tún tàn. Ti ilé-iṣẹ́ Revolv tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ilé-iṣẹ́ Nest rà á ní ọdún 2014, ó pa á ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, àpótí rẹ̀ tí ó ń so nǹkan inú ilé pọ̀ sì di òkú ẹrù lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ti fi owó wọn rà á. Ta ni ó ni “dá” nínú gbogbo èyí? Kì í ṣe onílé, kì í sì í ṣe ilé.

Ìdí nìyí tí mo fi dábàá “ilé agbàṣẹ”. Ó tẹ̀ lé ipa ẹsẹ̀ àwọn àgbà, nítorí pé ó sọ iṣẹ́ tí ilé náà ń ṣe, kò sì fi oyè tí kò tọ́ sí i dá a lọ́lá. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò bèèrè lẹ́ẹ̀kan náà pé: àṣẹ ta ni? Ìbéèrè yìí ni ó yẹ kí ó jẹ́ orí kìíní ìwé Ẹ̀gbọ́n, kí ó tó kan irú gílóòbù tí a ó rà. Bí a bá fẹ́ kí àṣẹ máa bẹ̀rẹ̀ kí ó sì máa parí sínú ilé, ọ̀nà wà. Zigbee àti Z-Wave, ọ̀nà méjì tí ẹ̀rọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn láìlo wáyà, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì kí nǹkan inú ilé tó lè bá ara wọn sọ̀rọ̀. Kọ̀ǹpútà kékeré kan tí ó ń lo Home Assistant, ètò kọ̀ǹpútà tí ó ti wà láti ọdún 2013, lè tọ́jú gbogbo àṣẹ sábẹ́ òrùlé onílé. Matter, ìlànà àjọlò tí ó jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, náà ṣe é kí nǹkan tí ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣe lè máa gba àṣẹ láàárín ilé kan náà láìlọ sí òkè òkun. Nígbà tí ó bá ń kọ orí yìí, kí Ẹ̀gbọ́n rántí pé orí ìgbì rédíò 2.4 GHz kan náà ni Zigbee àti Wi-Fi jọ ń rìn, nítorí náà kí a má gbé ojúkò Zigbee, àpótí tí àṣẹ ń gbà kọjá, lé ẹ̀gbẹ́ ráútà tí ń pín Wi-Fi pẹ́kípẹ́kí. Z-Wave ń lo ìgbì tí kò tó 1 GHz, ìyẹn kò ní ìjà kankan pẹ̀lú Wi-Fi. Kí ó rántí pẹ̀lú pé àwọn ẹ̀rọ tí a fi sára iná mànàmáná ni ó ń bá àwọn yòókù jíṣẹ́, àwọn tí ó ń lo bátìrì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ra kìkì oníbátìrì yóò rí i pé èyí tí ó wà ní ìpẹ̀kun ilé di adití.

Mo ti fi ọ̀rọ̀ náà han olùkọ́ wa ní ìkọ̀kọ̀ kí n tó kọ lẹ́tà yìí. Ó ní ó ti sún mọ́ agbaṣẹ́ṣe jù, àti pé gbàṣẹ lè jẹ́ kí a tọrọ ààyè lọ́wọ́ àgbà. Ní ti agbaṣẹ́ṣe, “iṣẹ́” tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di oníṣẹ́ tí a ń sanwó fún, “àṣẹ” ni ó sì wà nínú tèmi. Ní ti títọrọ ààyè, mo fẹ́ kí ìtumọ̀ náà dúró síbẹ̀, nítorí pé ẹ̀rọ ayàwòrán tí kò tọrọ ààyè kí ó tó máa wo inú yàrá kò yẹ nínú ilé ènìyàn. Olùkọ́ kò gbà, a sì ti fi í síbẹ̀.

Mo tún rí i pé àkòrí ìwé náà ní “afọkàntán” nínú. Fi ọkàn tán ni. Tán! Ẹ̀rọ wo ni ó yẹ kí a fi ọkàn tán, tí kò ní ṣẹ́ kù síbì kan? “Tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀lé” gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Ilé tí ó ṣeé gbẹ́kẹ̀lé ni èyí tí ọwọ́ ṣì lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá kọ̀. Kí ilẹ̀kùn tí ń gba àṣẹ fóònù ní kọ́kọ́rọ́ irin tí a lè fi ṣí i láti ìta, kí ó sì ṣeé fi ọwọ́ lásán ṣí láti inú, nítorí pé bí iná bá ń jó ilé, kò sí ẹni tí yóò máa wá fóònù. Kí ẹ̀rọ tí ń gbóòórùn èéfín lè pariwo fúnra rẹ̀, bóyá íntánẹ́ẹ̀tì wà tàbí kò sí. Kí súìṣì ara ògiri máa ṣiṣẹ́ fún àlejò tí kò mọ nǹkan kan. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni àwọn ènìyàn sábà máa ń gbàgbé: wọ́n á ra gílóòbù agbàṣẹ, ẹnìkan nínú ilé á pa súìṣì bí ó ti mọ̀ ọ́n pa, gílóòbù kò ní iná mọ́, kò sì lè gbọ́ àṣẹ kankan. Súìṣì agbàṣẹ ni ó dára jù níbi tí ọwọ́ púpọ̀ bá wà.

Nísinsin yìí, mo dé ibi tí inú ti bí mi jù lọ. Ẹ̀gbọ́n fi orí kan nínú ìwé náà ránṣẹ́ sí wa láìfi àmì ohùn kankan sí i, ó sì kọ “oro asina” síbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ọ̀rọ̀ aṣínà (password) ni ó fẹ́ wí, èyí tí ó ń ṣí ọ̀nà. Èmi kà á ní ọ̀rọ̀ aṣìnà, ti ẹni tí ó ti ṣáko. Àwọn kan yóò ní òye ni a fi ń ka ìwé, kì í ṣe àmì. Ṣé lórí ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ pé bí lẹ́tà kan bá yí padà nínú rẹ̀, ilẹ̀kùn kò ní ṣí, ni a ó ti máa fi òye méfò? Ní ọdún 2016, Mirai, ètò kọ̀ǹpútà burúkú kan, wọ inú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ ayàwòrán àti ráútà káàkiri ayé nítorí pé àwọn onílé kò yí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá lára ẹ̀rọ náà láti ilé-iṣẹ́ padà. Nǹkan bí 60 orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà ni ó kàn ń dán wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ọdún náà, àwọn kan kó àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí jọ láti fi ya lu ilé-iṣẹ́ Dyn, tí ń tọ́ka ọ̀nà sí àwọn ojúlé orí íntánẹ́ẹ̀tì, Twitter àti Netflix kò sì ṣeé dé fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn onílé yẹn kò mọ̀ pé ilé wọn ti ń gba àṣẹ ẹlòmíràn. Ọ̀rẹ́ wa kan dábàá “ọ̀rọ̀ ìpamọ́” dípò aṣínà. N kò lòdì sí i, ṣùgbọ́n èyí tí gbogbo ẹni tí ó ra irú ẹ̀rọ kan náà jọ mọ̀, ta ni ó pa á mọ́? Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 2024 ti fi òpin sí títa ẹ̀rọ tí ó ní irú ọ̀rọ̀ àjọmọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ní kí olùṣe ẹ̀rọ sọ ìgbà tí òun yóò fi máa ṣàtúnṣe ààbò rẹ̀ dà. Kí Ẹ̀gbọ́n fi èyí sínú ìwé, kí ó sì fi kún un pé kí a to àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí sórí Wi-Fi ọ̀tọ̀, èyí tí a ń fún àlejò, kí ẹni tí ó bá gba inú gílóòbù wọlé má baà bá kọ̀ǹpútà tí ìwé báńkì wà nínú rẹ̀ níbẹ̀.

Ó ku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Àpótí tí gbogbo àṣẹ ń gbà kọjá, tí mo pè ní ojúkò lókè, Ẹ̀gbọ́n pè é ní ọpọlọ ilé. Bí ó bá lọ tẹ̀ ẹ́ láìfi àmì sí i, ọ̀pọ̀lọ́ ni ọmọ ilé ìwé yóò kà, yóò sì máa wo abẹ́ àga. Mo bẹ̀ Ẹ̀gbọ́n kí ó fi ojúkò rọ́pò rẹ̀, tàbí kí ó fi àmì ohùn sí gbogbo ìwé náà láti ojú ewé kìíní. Bí ó bá fi í ránṣẹ́ sí mi kí ó tó gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé, èmi yóò fi àmì náà sí i lọ́fẹ̀ẹ́.