Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: alábàáṣòwò mi ò fẹ́ mú ìwé ọjà jáde ní kóòtù

Ìyá Aláṣọ
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọdún mẹ́fà lèmi àti alábàáṣòwò mi fi jọ ta léèsì ní Balógun. A ti tú ká, ẹjọ́ wa wà ní kóòtù gíga Ìkẹjà. Lẹ́jà aláwọ̀ ewé méjì tá a fi ń kọ ọjà àti stétimẹ́ǹtì báńkì, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà. Lọ́yà rẹ̀ ní àṣírí òwò ni. Ó tún wá ní kí n kó gbogbo WhatsApp mi fáwọn! Lọ́yà tèmi ní kí n ní sùúrù. Sùúrù ọ̀hún ti sú mi.

Lọ́yà Kékeré
Màmá, ìwé ọjà tẹ́ ẹ jọ ni, báwo ló ṣe wá di àṣírí fún yín? Ìlànà kóòtù gíga Èkó ti 2019 fún yín láyè láti kọ̀wé sí i pé kó fìbúra to àwọn ìwé ọwọ́ rẹ̀ tó kan ẹjọ́ yìí. Ìpàdé tá à ń pè ní CMC (Case Management Conference) ni wọ́n ti ń yanjú ẹ̀, kí ìgbẹ́jọ́ gan-an tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá ṣorí kunkun, adájọ́ lè pàṣẹ fún un.

Àmọ́ ẹ má kọ "gbogbo ìwé" o, adájọ́ ò fẹ́ràn ẹ̀. Ẹ dárúkọ lẹ́jà méjèèjì, oṣù tó bẹ̀rẹ̀ àti oṣù tó parí. Bó ṣe rí fún WhatsApp náà nìyẹn: èyí tó kan ṣọ́ọ̀bù nìkan ni. Ti ẹbí àti ṣọ́ọ̀ṣì ò kàn án.

Bàbá Àkáǹtì
Kí lọ́yà yín fún un ní nótíìsì pé kó mú lẹ́jà wá. Abala 91 nínú Òfin Ẹ̀rí 2011 ni. Bí kò bá mú un wá, ẹ lè lo ẹ̀dà. Abala 167(d) sì jẹ́ kí adájọ́ lè gbà pé ohun tó fi pamọ́ ì bá ta kò ó.

Ìyá Aláṣọ
Fótò ńkọ́? Ọmọ ṣọ́ọ̀bù ya ojú ewé mẹ́rin lọ́jọ́ tí ìṣirò ò bára mu. Ìka ẹ̀ ló bo ìlà ìsàlẹ̀.

Bàbá Àkáǹtì
Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde tìkatìka, ẹ má gé nǹkan kan kúrò. Ẹ bi lọ́yà yín nípa sátífíkéètì abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí yẹn, ìyẹn ìwé tó ń jẹ́rìí sí ẹ̀rọ tí ẹ̀rí ti jáde, torí inú fóònù ló ti wá. Kẹ́ ẹ sì ní ẹ̀dà nílé: ẹ rántí kóòtù Igbóṣẹrẹ tí wọ́n dáná sun ní 2020.

Ọmọ Èkó ní Peckham
Ẹ má pa WhatsApp kankan rẹ́ o! Ní London níbí, ìwé tó máa dun ẹni pàápàá, dandan ni kéèyàn mú un sílẹ̀. Nígbà ẹjọ́ tèmi, mo pa mẹ́sẹ́ẹ̀jì mẹ́ta rẹ́. Ẹni tá a jọ ń ṣẹjọ́ ṣì ní tirẹ̀. Látọjọ́ náà, adájọ́ ò ka òótọ́ mi sí òótọ́ mọ́.

Ìyá Aláṣọ
Yéè! Ọmọ-ọmọ mi ló ń fi fóònù yẹn ṣeré láti àárọ̀. Mo ń bọ̀.