Ẹ sọ ìrírí yín: ọ̀rọ̀ àjèjì wo lẹ kó jọ tó padà wá tú ohun ilé yín fún yín?

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Láti ìgbà tí mo ti wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ tí n kò gbọ́ rí sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ àwọn oníṣègùn, ti àwọn awakọ̀ òkun, ti àwọn tó ń wo ìràwọ̀, orúkọ kòkòrò, orúkọ òṣùwọ̀n ayé àtijọ́. Ìwé kọkànlá ni mo wà báyìí. Ìyàwó mi máa ń bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi wọ́n ṣe. N kò rí èsì gidi fún un títí di Iléyá ọdún 2024.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí a jọ sin ilẹ̀ baba wa, ọmọ Kàlàbá ni. Ó ti pẹ́ tó ti ń fẹ́ wo Ojúde Ọba. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, ọjọ́ kẹta Iléyá ni. Iléyá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà. Àfi bí ọ̀rẹ́ mi ṣe kanlẹ̀kùn ní aago méje alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, báàgì lọ́wọ́, fìlà tuntun lórí, tó ń bi mí pé aago mélòó la máa jáde lọ́la. Ojúde Ọba ti parí! Àwọn ẹlẹ́ṣin ti lọ tú gàárì, àwọn régbérégbé ti bọ́ aṣọ, wọ́n ti ń ká àga.

Inú bí i gidi. "Ọjọ́ kẹta lo sọ fún mi!" Ó na ọwọ́ sí mi, ó ti orí àtàǹpàkò bẹ̀rẹ̀: Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú. Èmi náà na tèmi, mo ti orí àtàǹpàkò bẹ̀rẹ̀: Àìkú, Ajé, Ìṣẹ́gun. Ìka mẹ́ta mẹ́ta la nà síra wa lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sẹ́ni tó purọ́.

Àwa Yorùbá, ọjọ́ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ la fi ń ṣe ẹni àkọ́kà. Ìdí nìyẹn tí ọjà tó ń yí po lọ́jọ́ mẹ́rin mẹ́rin fi ń jẹ́ ọjà ọrún, tí ìpàdé tó ń wáyé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rìndínlógún sì ń jẹ́ ìtàdógún. Ẹnu àlàyé yìí ni mo wà tí ọ̀rọ̀ kan fi sọ sí mi lọ́kàn. Mo lọ gbé ìwé kẹfà, mo ń ṣí i wàràwàrà, ó sì wà níbẹ̀, mo ti kọ ọ́ kí n tó gbéyàwó: *nundinae*. Orúkọ tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ ń pe ọjọ́ ọjà wọn nìyẹn. Ẹ̀sán ló wà nínú orúkọ náà, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ mẹ́jọ mẹ́jọ ni ọjà wọn ń yí po. Nígbà yẹn, mo fi bírò pupa kọ "àṣìṣe?" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe àṣìṣe rárá. Ìsán ni! Ìsán yìí náà tí àwọn ìyá wa ń kà, ọrún méjì tó so pọ̀. Àwọn Faransé náà, títí dòní, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ń pe ọ̀sẹ̀ méjì.

Ibi tí mo ti dé orí Jésù ni ojú ọ̀rẹ́ mi ti rọ̀. Wọ́n kàn án mọ́ àgbélébùú lọ́jọ́ Ẹtì, ó jíǹde láàárọ̀ Àìkú, Bíbélì sì pè é ní ọjọ́ kẹta. Ó tún ka ìka rẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí ó fi Ẹtì bẹ̀rẹ̀. Ó dákẹ́. Ó ní, "Ṣé ẹ ṣì ní oúnjẹ nílẹ̀?" Ìkọ́kọrẹ́ àárọ̀ ló kù, a gbé e kaná.

Mo fa igi lé "àṣìṣe?" yẹn lórí ní òru ọjọ́ náà, mo kọ "ìsán" sí i. Ní 2025, Iléyá bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà. Ọ̀rẹ́ mi ti dé láti Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ tiyín.

Nọ́ọ̀sì kan, Ṣàgámù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Èmi náà ń kó ọ̀rọ̀ jọ, ti ilé ìwòsàn ló pọ̀ jù nínú tèmi. Wọ́n gbé bàbá kan wá sí wọ́ọ̀dù wa, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Òsúkè ló dà wọ́n láàmú. Ọjọ́ kẹta rèé tí kò dáwọ́ dúró. Wọn kò lè jẹun, wọn kò lè sùn, gbogbo ara wọn ń mì tìtì. Dókítà kọ *persistent singultus* sínú káàdì. Ọmọ bàbá ya fọ́tò káàdì náà, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn àbúrò rẹ̀ ní Èkó. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti ń dáwó jọ, ìyá ti ká ọwọ́ lérí, ẹnìkan ti lọ pe pásítọ̀. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní, "Wọ́n ní sìngọ́tọ́ọ̀sì ni, Nọ́ọ̀sì. Ṣé ó ń pani?"

Mo ní, "Mà, òsúkè lórúkọ rẹ̀. Èdè Látìn lásán ni." Ìyá wò mí títí. Wọ́n ní, "Òsúkè tí a gbé wá náà?" Mo ní, "Òun náà ni, mà." Wọ́n jókòó, wọ́n tú gèlè.

Kí ẹ má bàa rò pé ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ ni: tí òsúkè bá ti ju wákàtí 48 lọ, ó ti di ohun tí dókítà gbọ́dọ̀ wádìí, torí ó lè jẹ́ pé àìsàn mìíràn ló ń tì í. Iṣan pẹlẹbẹ tó pààlà sáàárín àyà àti ikùn ló ń sọ kúlú láìròtẹ́lẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun á sì pa dé lójijì, òun ló ń dún yẹn. Ọkùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà, Charles Osborne, òsúkè mú un ní 1922, kò sì fi í sílẹ̀ títí di 1990. Ọdún 68! Ó gbéyàwó, ó bímọ nínú rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ọ̀rọ̀ *singultus* ni pé àwọn ará Róòmù tún ń lò ó fún mímí hìn-ín-hìn-ín tí ọmọdé máa ń mí lẹ́yìn tó bá ti sunkún tán. Ẹ gbọ́ ọ bí méjèèjì ṣe jọra létí. Ọmọbìnrin bàbá yẹn tó kéré jù rọra fà mí sẹ́yìn, ó ní ṣé òun lè já òwú, kí òun fi itọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú orí bàbá òun, bí a ṣe ń ṣe fún ọmọ ọwọ́. Mo ní kó ṣe é. Oògùn dókítà náà ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí mo dé ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá ń sùn fọnfọn, òwú ṣì wà níwájú orí wọn.

Bíríkìlà, Òkè-Ẹ̀rì

Tèmi kò gùn. Yangí. Mo ti ń fi àkáàkó gbẹ́ ẹ láti kékeré. Ẹnjiníà kan tí mo bá ṣiṣẹ́ ń pè é ní *laterite*, mo bi í níbi tó ti rí i. Ó ní òyìnbó kan, Francis Buchanan, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní 1807, nígbà tó rí àwọn ará Íńdíà tí wọ́n ń gé e bíi bíríkì látinú ilẹ̀: ó rọ̀ tí wọ́n bá ń gé e, tí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, á le. Bíríkì ni orúkọ yẹn túmọ̀ sí ní Látìn. Mo wá rántí Erédò Súngbọ́ tó kọjá ládùúgbò wa, yàrà àti odi tó gùn tó 160 kìlómítà. Inú yangí ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Mo lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo fi ọwọ́ pa ògiri rẹ̀. Mo mọ bó ṣe le tó, iṣẹ́ mi ni.

Ọmọ elégàárì, Ìjẹ̀bú-Igbó

Màmá mi kì í jẹ́ kí ewúrẹ́ sún mọ́ omi tó ń ṣàn lábẹ́ àpò ẹ̀gẹ́. Wọ́n á ní, "Inú ń bí i lọ́wọ́." Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbà ni, títí ọdún tí ewúrẹ́ aládùúgbò kan mu ún tó sì kú. Nígbà tí mo wọ pólì ni mo pàdé *linamarin*. Òun ló wà nínú ẹ̀gẹ́, orúkọ ewéko tí wọ́n fi ń ṣe aṣọ línínì ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Ohun tó ń tú u sí májèlé sáyánáìdì wà nínú ẹ̀gẹ́ kan náà, ṣùgbọ́n yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbé. Ìgbà tí a bá rin ẹ̀gẹ́ ni ògiri wó tí wọ́n bá ara wọn. Májèlé náà á bá omi lọ, èyí tó kù á bá ooru agbada lọ. Ìyẹn ni pé ìgbà tí a rin ín gan-an ni inú ń bí i, tí a bá sì fún ọjọ́ tó pé, inú rẹ̀ á rọ̀. Mo pe màmá mi láti họ́sítẹ́ẹ̀lì, mo ka gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní, "Ṣé ìyẹn ni wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ wa fún?" Inú wọn dùn, mo gbọ́ ọ lóhùn wọn.

Ọmọ Rẹ́mọ, Èkó

Ìyá àgbà mi ta obì ní Ṣàgámù fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, àwọn Haúsá Sábó ni oníbàárà wọn. Àbàtà ni aláwẹ́ mẹ́ta sókè, gbànja ni aláwẹ́ méjì. Mo mọ ìyẹn kí n tó mọ A B D. Ọmọ Gánà kan wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ́fíìsì wa. Mo bi í pé ẹ̀yà wo ni. Ó ní, "Gonja." Mo ní kó tún un pè. Ní Salaga, nílẹ̀ wọn, ni ọjà obì ńlá wà láyé àtijọ́, níbi tí obì inú igbó Aṣáńtì ti ń kọjá lọ sí ilẹ̀ Haúsá. Orúkọ ìlú àwọn ọkùnrin yìí ló wà lẹ́nu ìyá àgbà mi láti àárọ̀ ọjọ́.

Mo pe ìyá lórí fóònù, mo gbé e síta kí àwọn méjèèjì lè gbọ́ra. Wọn kò béèrè ìtàn. Wọ́n ní kí n bi í pé ewé wo ni wọ́n fi ń di obì níbẹ̀ tí kì í fi í gbẹ. Kò mọ orúkọ rẹ̀, ó ní ewé fẹ̀ǹfẹ̀ kan ni. Nígbà tó lọ sílé lọ́dún tó kọjá, ó mú ewé náà bọ̀ nínú báàgì. Ó ti gbẹ, ó ti rún sí méjì, síbẹ̀ mo gbé e lọ sí Ṣàgámù. Ìyá àgbà gbé e sí imú, wọ́n pa ojú dé díẹ̀.

"Gbòdògí ni," wọ́n ní. "Ẹ̀gbẹ́ obì ló ti wá, ó ṣì ń rùn."