Ọjọ́ kan ní Frigiliana, lórí òkè

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ ti etíkun Málaga ní Sípéènì, ẹ jẹ́ kí n sọ ti orí òkè tèmi. Ìlú Nerja, létí òkun, ni èmi àti ìyàwó mi dé sí nínú oṣù kẹwàá. Nígbà tí iyanrìn sú wa, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Frigiliana, abúlé kan tó wà lókè ibẹ̀, tí kò jìnnà rárá. Ọ̀nà yẹn ń gùnkè, ó ń kọ́ kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀, ìyàwó mi ò sọ̀rọ̀ títí a fi dé.

Funfun báláú ni gbogbo ilé wọn, ẹfun ni wọ́n fi ń kùn ún kí oòrùn má baà ráyè wọlé. Òkúta wẹẹrẹ dúdú àti funfun ni wọ́n tò sílẹ̀ bí ẹní aláràbarà. Ọ̀nà àárín ilé há débi pé mọ́tò ò lè kọjá, àtẹ̀gùn lókè, àtẹ̀gùn nílẹ̀. A ṣàdédé gbọ́ kò-kò-kò lẹ́yìn wa: ìbaaka méjì ni, ẹrù sìmẹ́ńtì lẹ́yìn wọn. A fara mọ́ ògiri kí wọ́n tó rọ́nà kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé níbẹ̀ ò gbọdọ̀ bá ìbaaka jà o!

Ohun tó dá mi dúró jù ni àwọn àwo amọ̀ alámì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ní àdúgbò àtijọ́. Ìtàn àwọn Morisco ló wà níbẹ̀, ìyẹn àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n fi tipá sọ di onígbàgbọ́. Ọba Philip Kejì fòfin de èdè Lárúbáwá àti aṣọ ìbílẹ̀ wọn, ni wọ́n bá dìde ogun ní 1568. Ní 1569, wọ́n sá gun àpáta tó wà lókè abúlé, àwọn ọmọ ogun ọba sì ká wọn mọ́bẹ̀, wọ́n ṣẹ́gun wọn. Nígbà tó di 1609, ọba tó jẹ tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ sí í lé gbogbo Morisco kúrò ní Sípéènì. Àdúgbò àwọn tí wọ́n lé yìí kan náà ni gbogbo ayé ń náwó wá wò lónìí. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ìyàwó mi ò ráyè ìtàn, ebi ń pa á. Ikàn ńlá aláwọ̀ àlùkò ni wọ́n gbé fún wa, wọ́n gé e pẹlẹbẹ, wọ́n fi ìyẹ̀fun bò ó, wọ́n dín in, wọ́n wá da oyin ìrèké dúdú lé e. Kì í ṣe oyin tòótọ́, omi ìrèké tí wọ́n sè títí ó fi ki ni. El Ingenio, ilé ńlá àwọn ìjòyè àtijọ́ nínú abúlé náà, ni wọ́n ti ń ṣe é. Iyọ̀ inú ikàn àti adùn yẹn pàdé lẹ́nu, mo tún bèèrè àwo kejì.

Lẹ́yìn aago méjì, ìsọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tilẹ̀kùn, gbogbo ìlú ń sinmi. Màmá àgbà kan jókòó síta, ó ń pa álímọ́ńdì, ó bu díẹ̀ fún wa. Ìyàwó mi kúnlẹ̀ gbà á. Ẹ̀rín pa màmá yẹn, ó tún bu sí i!

Bí ẹ bá ń lọ, ẹ wọ bàtà tó di ilẹ̀ mú, kẹ́ ẹ sì bèèrè aago bọ́ọ̀sì ìkẹyìn. Kẹ́ ẹ ra ju ìgò oyin ìrèké kan lọ. Orí dòdò ni tiwa parí sí.